Tí ẹ bá dé Osaka, ẹ yà sí Tenma

Ẹ̀yin tó ń lọ sí Japan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ Dotonbori, àdúgbò tí àwọn àlejò máa ń rọ́ lọ ní Osaka, nìkan lẹ máa rí. Ẹ wọ rélùwéè ní ibùdókọ̀ Osaka, ìdúró kan péré ni Tenma. Ọjà Tenjinbashisuji wà níbẹ̀, òpópónà kan tí wọ́n fi òrùlé bò fún nǹkan bíi kìlómítà 2.6, òjò ò ní pa yín. Àwọn ará àdúgbò gan-an ló ń nájà níbẹ̀. Ẹ ra korokke, ìyẹn pòtétò gígún tí wọ́n dín. Inú bébà ni wọ́n ń fi sí, á ṣì máa jó yín lọ́wọ́! Ìrọ̀lẹ́ ni mo fẹ́ràn jù, nígbà tí àwọn ilé ọtí kéékèèké bá kún, tí wọ́n ń jẹun lórí ìdúró. Ẹ mú owó Japan, ìyẹn yen, dání o, torí àwọn míì kì í gba káàdì.