Bó o ṣe lè máa lo béèsì Höfner àtijọ́

Ìka mi kúrú, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn Höfner 500/1, béèsì (gìtá olókùn mẹ́rin tí ohùn rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀) ti ilẹ̀ Jámánì. Okùn rẹ̀ gùn tó íńṣì 30. Ti Fender Precision, béèsì míì, jẹ́ 34.

Má tú okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà o! Wọn ò kan bríìjì rẹ̀ (igi kékeré tó gbé okùn dúró) mọ́ ara gìtá, okùn ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kó o máa pààrọ̀ wọn. Bí bríìjì bá ti yẹ̀, fọwọ́ ba okùn fẹ́ẹ́rẹ́ lókè fírẹ́ẹ̀tì kejìlá (fírẹ́ẹ̀tì ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá), ta á, kó o wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ gan-an, kó o tún ta á. Bí ohùn kejì bá ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, sún bríìjì kó jìnnà sí ọrùn díẹ̀.

Àtàǹpàkò ni kó o fi ta á, nítòsí ọrùn. Inú béèsì yìí ṣófo. Má fi agbára jà á.