Bíìlì ọsibítù ò tíì jáde, kéèsì sì dúró sójú kan: ohun tẹ́ ẹ lè ṣe

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà níbí, tí mọ́tò bá gbá èèyàn, tó gba ìtọ́jú tán, tára ti ń le, ó máa ń rò pé owó ló kù. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ìnṣọ́ránsì ẹni tó gbá yín ò ní sọ̀rọ̀ owó gidi títí bíìlì á fi pé, torí inú bíìlì yẹn ni wọ́n ti ń ṣírò ohun tí wọ́n máa san, bíìlì náà wá lè lo oṣù mẹ́ta, oṣù márùn-ún, kó má jáde. Lọ́yà á ní "à ń retí ọsibítù", ọsibítù á ní "a ti fi ránṣẹ́", ẹ̀yin á wà láàárín.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà ni pé a rò pé ọsibítù kan la lọ, bíìlì kan ló máa wá. Alẹ́ ọjọ́ kan péré ní emergency lè bí bíìlì márùn-ún! Áńbúláǹsì á mú tiẹ̀ wá, ọsibítù á mú tiẹ̀, dókítà tó dá yín lóhùn níbẹ̀ lè máa ṣiṣẹ́ fún kọ́ńpìnì míì lọ́tọ̀, ẹni tó ka x-ray yín tẹ́ ò tiẹ̀ fojú kàn rí náà á mú tiẹ̀ wá, láàbù náà ńkọ́. Lọ́dún tí wọ́n gbá èmi lẹ́yìn níbi tí mo ti dúró fún iná pupa, lọ́yà ní gbogbo ẹ̀ ti pé, ìwé release tí mo máa fọwọ́ sí, èyí tó ń sọ pé kéèsì ti parí, mi ò ní béèrè owó míì mọ́, ti wà lórí tábìlì. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹ́ńfílọ́ọ̀pù funfun kan wọlé, èyí tó ní fèrèsé kékeré lójú, orúkọ tí mi ò gbọ́ rí ló wà lára ẹ̀, mo ti ń gbé e lọ síbi ìdọ̀tí torí mo rò pé ìpolówó ọjà ni. Ẹni tó ka CT, ìyẹn fọ́tò inú orí mi, ni, $640. Ká ní mo ti fọwọ́ síwèé yẹn, àpò mi nì bá ti jáde, torí téèyàn bá ti buwọ́ lu release, kò sí "ẹ jọ̀ọ́, ó ku ọ̀kan" mọ́.

Torí náà ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ gbogbo ẹni tó fọwọ́ kan ara yín tàbí tó wo fọ́tò ara yín látọjọ́ tí wọ́n gbá yín, pẹ̀lú ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ àti nọ́ńbà account. Tẹ́ ò bá mọ ẹni tó ka x-ray, ẹ bi ọsibítù pé ta ló ń ṣe bíìlì fún wọn, wọ́n mọ̀ ọ́n.

Tẹ́ ẹ bá wá pè, ẹ má kàn ní "bíìlì mi dà?" torí wọ́n á fi ìwé pélébé tó ní "balance" ránṣẹ́ sí yín, adjuster, ẹni tó ń ṣírò owó kéèsì fún ìnṣọ́ránsì, ò sì ní gbà á. Itemized bill ni kẹ́ ẹ sọ, èyí tó kọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ àti kóòdù ẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí ọsibítù ń lò ń jẹ́ UB-04, ti dókítà ń jẹ́ CMS-1500, tẹ́ ẹ bá ti dárúkọ méjèèjì lórí fóònù, ohùn ẹni tó ń dáhùn máa ń yí padà, mo ti rí i. Ẹ kọ orúkọ ẹni tẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀ àti ọjọ́ tẹ́ ẹ pè.

Ẹ bi wọ́n pé kí ló dá a dúró gan-an. Nígbà míì dókítà ò tíì parí àkọsílẹ̀ ẹ̀, ẹni tó ń fi kóòdù sí i ò sì lè ṣe nǹkan kan. Nígbà míì orúkọ wa ni, wọ́n ti kọ Oluwaseun di Oluwasuen, ìnṣọ́ránsì ìlera ò rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ló bá dá bíìlì padà. Èyí tó burú jù ni kí ọsibítù gbọ́ "accident" kí wọ́n kọ̀ láti fi bíìlì ránṣẹ́ sí ìnṣọ́ránsì ìlera yín, kí wọ́n máa retí owó kéèsì. Ẹ fún wọn ní káàdì ìnṣọ́ránsì ìlera látọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ ní kí wọ́n lò ó, torí àwọn yẹn náà ní ọjọ́ tí wọ́n dá fún gbígba bíìlì, Medicare, ìnṣọ́ránsì ìjọba fáwọn àgbàlagbà, fún àpẹẹrẹ, ọdún kan látọjọ́ ìtọ́jú ni.

Tí pípè ò bá ṣiṣẹ́, ẹ kọ̀wé. Òfin HIPAA tó ti wà láti 1996 fún aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ sí ìwé ìtọ́jú ẹ̀, ìwé bíìlì náà wà níbẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ 30 láti dá yín lóhùn, wọ́n lè fi 30 míì kún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí ẹ̀ sí yín. Kẹ́ ẹ béèrè lórúkọ ara yín ló dáa jù, kódà tẹ́ ẹ ní lọ́yà. Tí wọ́n bá dákẹ́, Office for Civil Rights ní HHS, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ìlera, ló ń gba ẹjọ́ ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó ti wà lọ́wọ́ wọn lòfin yìí kàn, bíìlì tí wọn ò tíì ṣe, kò lè fipá mú wọn ṣe é.

Ní gbogbo àsìkò yìí aago kọ́ọ̀tù ń ka lọ o, kò mọ̀ pé bíìlì pẹ́. California àti Texas, ọdún méjì lẹ ní láti pe ẹjọ́, New York ọdún mẹ́ta, Tennessee ọdún kan péré, Florida tó jẹ́ mẹ́rin tẹ́lẹ̀ ti di méjì láti March 2023. Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀sì ìjọba ló gbá yín, ó tún kúrú jùyẹn lọ, ní New York ọjọ́ 90 lẹ ní láti fi ìwé sọ fún wọn. Ẹ lè pe ẹjọ́ kí bíìlì tó pé, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ dúró dè é.

Tí ẹ̀rù collection, ìyẹn àwọn tó ń gba gbèsè, bá ń bà yín, ẹ bẹ ọsibítù pé kí wọ́n fi account yín sí hold, kí wọ́n dá a dúró ná, lọ́yà lè kọ lẹ́tà tì í lẹ́yìn. Equifax, Experian àti TransUnion, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣàkọsílẹ̀ gbèsè èèyàn, kì í gbé gbèsè ìtọ́jú tí kò tíì pé ọdún kan sórí credit report, èyí tí ò tó $500 ò tiẹ̀ dé ibẹ̀ rárá.

Tí bíìlì tó kẹ́yìn bá wá dé, ọjọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí lọ́yà tàbí adjuster ní ìmeèlì, kí ẹ ní kí wọ́n dáhùn pé àwọn rí i. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó buwọ́ lu ohunkóhun, ẹ tún pe gbogbo orúkọ inú ìwé yín lẹ́ẹ̀kan sí i, lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ bi wọ́n pé èló ló kù, kí ẹ sì gbà á ní kíkọ sílẹ̀.