Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣètò Ọjọ́ Àṣà fún Àdúgbò Yín ní Ìlọrin

Nínú ìgboro Ìlọrin, ilé Yorùbá, ilé Fúlàní, ilé Haúsá, ilé Tápà àti ilé Bàrùbá lè fi ògiri ti ara wọn. Ẹ̀ka tí ìlú ní lábẹ́ àwọn Balógun mẹ́rin, ìyẹn Gàmbàrí, Fúlàní, Ajíkobì àti Àlánámú, ṣì ń jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ nílé báyìí, nítorí náà ẹ má fi orúkọ àdúgbò tàbí èdè ẹnu mọ ohun tí ilé kan ní. Ojúlé dé ojúlé ni kí ẹ ti bèèrè. Ètò tí a ń sọ níbí wà fún ènìyàn 200, lórí pápá ilé ìwé tàbí ìta gbangba.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú. Ẹ kọ́kọ́ lọ kí Alángùá, ìyẹn olórí àdúgbò, àti àwọn Mọ́gàjí, kí wọ́n má lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ará ọjà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kọ ìwé sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ìgbìmọ̀ ènìyàn 9 ti tó, kí obìnrin má dín ní 4 níbẹ̀, torí ọwọ́ wọn ni ìkòkò, wàrà àti orin wákà wà.

Lórí ọjọ́: oṣù ààwẹ̀ máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 ṣíwájú lọ́dọọdún, ẹ wo kàlẹ́ńdà dáadáa. Ẹ má fi sí ọ̀sẹ̀ Iléyá, nítorí gbogbo ojú á wà lára ẹṣin ní ààfin. Oṣù kọkànlá dára, òjò ti lọ, ọyẹ́ kò sì tíì le. Ọjọ́ Ẹtì ni Jímọ̀, ọjọ́ Àìkú ni ṣọ́ọ̀ṣì; Sátidé ló kù, ṣùgbọ́n ìgbéyàwó àti wọ́límọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ tètè sọ ọ́ fún àwọn ààfáà. Kí ètò bẹ̀rẹ̀ ní aago 9 àárọ̀, kí ìlù dákẹ́ kí wọ́n tó pe ìrun Àyìlá, kí ẹ sì ti parí kí Aláásárì tó dé.

Ọ̀pọ̀ ètò báyìí ló ń di ìran aṣọ: wọ́n á tò, wọ́n á jó, wọ́n á ya fọ́tò, ó tán. Iṣẹ́ ọwọ́ ni kí ẹ fi sí àárín pápá.

Ẹ pe ahunṣọ òkè méjì pẹ̀lú òfì wọn. Òwú òfì máa ń nà jìnnà síwájú ẹni tó ń hun ún, nítorí náà ẹ fi gígùn mítà 15 sílẹ̀ fún òfì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi okùn yí i ká. Bí ẹ bá gbé e sí ojú ọ̀nà, ọmọdé á kọsẹ̀ lára òwú, iṣẹ́ ọjọ́ kan á já dànù. Ẹ bẹ ahunṣọ pé kó ta òwú kúkúrú kan lọ́tọ̀ fún àwọn tó fẹ́ ju ọ̀kọ̀ wò. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á já òwú, kò sì yẹ kó jẹ́ lára aṣọ oníbàárà.

Ní ti ìkòkò, ẹ lọ bá àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Dada, Òkèlélé. Kí wọ́n mú amọ̀ tútù wá láti mọ níwájú èrò, àti ìkòkò tó ti jiná láti tà. Ẹ má bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sun ún lọ́jọ́ náà. Ìkòkò tí kò tíì gbẹ dáadáa, omi inú amọ̀ á di oru nínú iná, á sì fọ́ ọ yángá. Ẹ tún rántí pé iná ìta gbangba láàárín èrò léwu.

Oúnjẹ mẹ́rin ti tó: túwó, máṣà, àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì, àti wàrà. Kí olúkúlùkù tọ́ díẹ̀díẹ̀ wò ni kí ẹ ṣe, kì í ṣe àwo kíkún. Ẹ fún ènìyàn kọ̀ọ̀kan ní káàdì tí a kọ 1 sí 4 sí; bó bá jẹ ọ̀kan, kí a fagi lé e. Èyí ló ń mú kí ọmọ ilé Yorùbá dé ìdí ìkòkò túwó, kí ọmọ ilé Haúsá sì tọ́ gbẹ̀gìrì wò. Wàrà ló ń tètè bàjẹ́. Wọ́n ń fi omi ewé bọmubọmu mú wàrà dì. Bí ó bá ti kúrò nínú omi rẹ̀ nínú ooru, kò ní pẹ́ tó fi kan. Ẹ jẹ́ kó wà nínú omi náà, kí wọ́n tún un sè láàárọ̀, kí ẹ sì pín in tán kó tó di ọ̀sán. Báàgì omi kan jẹ́ ọ̀rá 20. Ènìyàn 200 ní ọ̀rá mẹ́ta-mẹ́ta jẹ́ báàgì 30.

Lórí pèpéle, ìṣẹ́jú 5 ni kí ẹ fún agbo-ilé kọ̀ọ̀kan láti ki oríkì ara rẹ̀. Olóòtú ètò kò gbọdọ̀ sọ ìtàn ẹni tó kọ́kọ́ tẹ̀dó. Ìjà gidi wà lórí ọ̀rọ̀ yẹn ní Ìlọrin, ibi àríyá kọ́ ni a ti ń parí rẹ̀. Eégún náà kò sí nínú ètò níbí. Oríkì ìlú fúnra rẹ̀ sọ pé ẹṣin ni eégún ilé wọn. Àwọn ará Ọ̀fà tó ń gbé àdúgbò lè mú ìjàkadì wá, kí iyanrìn ibẹ̀ jìn tó ìka ọwọ́ méjì ní òòró, nítorí ilẹ̀ líle ń dá apá ni. Dadakúàdà, orin ìbílẹ̀ Ìlọrin, ló kẹ́yìn. Ẹ ti bá àwọn olórin náà fi àkókò àti owó síbì kan ṣáájú, torí bí olówó bá bẹ̀rẹ̀ sí í náwó fún wọn, wọn kì í rántí aago.

Ẹ ya yàrá kan tó dákẹ́ sọ́tọ̀ láti gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn, ẹ pa ìpè fóònù tí ẹ fi ń gba ohùn, ẹ gbé e sí ìwọ̀n ọwọ́ kan sí ẹnu wọn. Kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kọ́kọ́ dá orúkọ, agbo-ilé àti ọjọ́. “Báwo ni ẹ ṣe ń ṣe é?” máa ń mú ọ̀rọ̀ jáde ju “Kí ni àṣà yín?” lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ẹ da ohùn náà sí ibi méjì, kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, kí ẹ mú ẹ̀dà kan lọ fún àwọn ọmọ àgbà tó sọ̀rọ̀.