Bí mo ṣe fi gbèdéke sí iye ímeèlì tí oníkálukú lè fi ránṣẹ́ lórí Postfix

Ẹni tó bá jí pásíwọ́ọ̀dù òṣìṣẹ́ kan lè fi sáfà wa, tó ń lo Postfix láti fi rán ímeèlì, da ẹgbẹẹgbẹ̀rún ímeèlì síta lóru ọjọ́ kan, kí Gmail sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá lẹ́tà gbogbo wa padà. Ohun tí mo fẹ́ dènà nìyẹn.

IP (nọ́ńbà ẹ̀rọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) ni gbèdéke tó bá Postfix wá ń wò, irú `smtpd_client_message_rate_limit`. Kò bá ọ́fíìsì wa ní Wuse mu: IP kan ṣoṣo ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń gbà jáde. Bí iná bá dé láàárọ̀, tí gbogbo kọ̀ǹpútà ń tú ohun tó há sí Outbox jáde lẹ́ẹ̀kan náà, aláìṣẹ̀ ló máa jìyà. Orúkọ tí oníkálukú fi wọlé ni mo so ó mọ́. N kò lo àdírẹ́sì olùfiránṣẹ́, torí olè lè pààrọ̀ ìyẹn bó ṣe wù ú.

Mo fi postfwd, ètò tí Postfix máa ń bi léèrè bóyá kó gba lẹ́tà kan, sórí ẹ̀rọ, mo sì kọ èyí sínú `/etc/postfix/postfwd.cf`, lórí ìlà kan:

`id=WAKATI; protocol_state==END-OF-MESSAGE; sasl_username=~^.+$; action=rcpt(sasl_username/150/3600/450 4.7.1 E ti koja gbedeke wakati yii)`

Ìyẹn ni pé ẹni tó bá wọlé kò lè ránṣẹ́ sí ju olùgbà 150 lọ ní wákàtí kan (3600 ìṣẹ́jú àáyá). `rcpt`, tó ń ka iye olùgbà, ni kí ẹ lò. Lẹ́tà kan sí àádọ́rùn-ún ènìyàn, ẹyọ kan ni `rate` máa kà á sí. Ẹ má sì pè é láti `smtpd_recipient_restrictions`: òdo ni `recipient_count`, iye olùgbà tí Postfix ń sọ fún postfwd, ṣì wà níbẹ̀. Inú `main.cf` ni mo ti pè é:

`smtpd_end_of_data_restrictions = check_policy_service { inet:127.0.0.1:10040, default_action=DUNNO }`

`DUNNO` yẹn, tó ń sọ fún Postfix pé kó máa bá iṣẹ́ lọ bí postfwd kò bá dáhùn, ṣe pàtàkì gan-an. Láìsí i, bí postfwd bá kú, 451 4.3.5 (àṣìṣe sáfà) ni Postfix máa fi dá gbogbo ènìyàn lóhùn, títí kan àwọn tó ń kọ̀wé sí wa láti ìta. Láti Postfix 3.0 sókè ni a ti lè kọ ọ́ báyìí.

Fún iye olùgbà lẹ́tà ẹyọ kan, mo fi `-o smtpd_recipient_limit=50` sábẹ́ submission (ẹnu ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ ń gbà fi lẹ́tà ránṣẹ́) nínú `master.cf`; 1000 ló wà tẹ́lẹ̀.

`postfwd -f /etc/postfix/postfwd.cf -C` fi hàn mí pé ó ka òfin náà bó ṣe yẹ. Mo sọ 150 di 3 fúngbà díẹ̀, mo tún postfwd tàn, mo ṣe `postfix reload`, mo wá fi swaks (irinṣẹ́ ìdánwò ímeèlì) rán lẹ́tà mẹ́rin, olùgbà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìkẹrin gba 450, ìyẹn ìkọ̀ fúngbà díẹ̀. Inú mẹ́mórì ni iye tó ti kà wà, nítorí náà mo fi `--save_rates` kún àṣẹ tó ń tan postfwd kí àtúntàn má baà pa á rẹ́.