Ṣé Jésù lè dẹ́ṣẹ̀? Àwọn àṣìṣe tí a máa ń ṣe bí a bá ń dáhùn

Ọmọkùnrin kan ló béèrè lọ́wọ́ mi ní kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ní Kubwa níbí: "Tíṣà, bí Jésù ò bá lè dẹ́ṣẹ̀, kí wá ni Èṣù ń dán an wò sí?" Mo ní, "Jókòó, a kì í fi Ọlọ́run ṣeré." Ó jókòó. Kò sì béèrè ohunkóhun mọ́ títí ọdún yẹn fi parí.

Àṣìṣe kìíní nìyẹn, èmi gan-an ni mo sì ṣe é. Àwọn ọmọ tí à ń tọ́ ní Àbújá, Hausa ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kàwé, Yorùbá wá di ti ilé àti ti ṣọ́ọ̀ṣì. Bí a bá pa wọ́n lẹ́nu mọ́ níbi méjèèjì yìí, ibòmíràn ni wọn yóò gbé ìbéèrè wọn lọ.

Ẹ má ṣe pa "kò dẹ́ṣẹ̀" àti "kò lè dẹ́ṣẹ̀" pọ̀. "Lè" kékeré yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Pé Jésù kò dẹ́ṣẹ̀, Bíbélì sọ ọ́ gbangba: Hébérù 4:15, 1 Pétérù 2:22, 2 Kọ́ríńtì 5:21. Àwọn Kristẹni kì í jiyàn lórí ìyẹn. Bóyá ó lè ṣẹ̀ ká ní ó fẹ́ ni wọ́n ń jiyàn lé lórí. Ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn, Charles Hodge, olùkọ́ ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run, kọ ọ́ pé bí ìdánwò náà bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí Jésù ṣẹ̀. William Shedd, olùkọ́ bíi tirẹ̀, kọ ọ́ pé kò ṣeé ṣe rárá. Presbyterian ni àwọn méjèèjì, ìgbàgbọ́ kan náà ni wọ́n sì jọ ń dáàbò bò. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dìde ní ìpàdé ọjọ́ Wẹ́sídeè kó máa pe ẹnìkejì rẹ̀ ní aládàámọ̀ nítorí "lè" yìí.

Èmi fúnra mi gbà pé kò lè dẹ́ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí "kò lè" túmọ̀ sí lẹ́nu àwa Yorùbá, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ tíṣà ti ń ṣìnà. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn kò lè gun Òkè Zuma: àìlágbára nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí owó ẹgbẹ́ bá pòórá, tí ẹnì kan dárúkọ Ìyá Alákàrà, gbogbo àdúgbò á pariwo: "Ìyá yẹn kẹ̀? Kò lè jalè!" Ṣé ọwọ́ ìyá náà ló rọ ni? Ọwọ́ rẹ̀ le koko, kọ́kọ́rọ́ àpótí owó sì wà ní ìdí ìró rẹ̀. Irú ẹni tó jẹ́ ni a fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, àdúgbò lè ṣì í mọ̀, ènìyàn ni ìyá. Ṣùgbọ́n nígbà tí Títù 1:2 sọ pé Ọlọ́run kò lè purọ́, kò sẹ́ni tó rò pé agbára ló wọ́n Ọlọ́run. Irú "kò lè" yẹn ni mo ń sọ nípa Jésù. Ẹni tó bá fi kọ́ ọmọ bí ẹni pé wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de Olúwa mọ́lẹ̀ ti ba ẹ̀kọ́ náà jẹ́.

Láti ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń bọ́ sínú àṣìṣe tó burú jù lójú tèmi: wọ́n á ní, níwọ̀n ìgbà tí kò lè ṣẹ̀, eré orí ìtàgé lásán ni ìdánwò náà. Ẹ gbààwẹ̀ wò, kí ẹ sì fi ìrọ̀lẹ́ kọjá níbi tí màì súyà ti ń fẹ́ iná, tí ọ̀rá ń ta sórí èédú, tó ń da yajì lé ẹran. Itọ́ á kún ẹnu yín. Ẹ̀ṣẹ̀ dà níbẹ̀? Ebi ni. Ogójì ọjọ́ ni Jésù fi gbààwẹ̀, Mátíù sì sọ ọ́ láì fi bò pé ebi ń pa á.

Àwọn kan á tún ní ẹni tí kò ṣubú kò mọ bí ìdánwò ṣe rí. Ẹ bi àwọn ọmọ tó ń ti bárò ní ọjà Wuse. Ẹni tó sọ àpò ìrẹsì 50 kg kalẹ̀ lẹ́nu géètì, ṣé òun ló máa ròyìn ìwúwo rẹ̀ fún ẹni tó tì í dé ìdí mọ́tò? Jésù nìkan ló ti bárò náà dé ìdí mọ́tò.

Òmíràn tún wọ́pọ̀, ó sì máa ń dùn létí: "Apá ènìyàn lára Jésù lè dẹ́ṣẹ̀, apá Ọlọ́run ni kò lè." Ẹ ṣọ́ra. Bí ọwọ́ mi bá jalè, ọlọ́pàá kì í mú ọwọ́ nìkan lọ sí àgọ́. Ẹni ló ń dẹ́ṣẹ̀. Ìgbìmọ̀ Chalcedon, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù ìjọ ayé ìgbà yẹn, ní ọdún 451 sọ pé Kristi jẹ́ Ọlọ́run pátápátá àti ènìyàn pátápátá, síbẹ̀ Ẹnì kan ṣoṣo ni, a kò pín in. Irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ mìíràn, Ìgbìmọ̀ Constantinople ti ọdún 680 sí 681, fi kún un pé ó ní ìfẹ́ inú ti Ọlọ́run àti ti ènìyàn, ti ènìyàn sì ń tẹ̀lé ti Ọlọ́run láìbá a jà. Ẹ ka Gẹtisémánì pẹ̀lú ìyẹn lọ́kàn, ẹ ó rí i pé ẹni tó ní "kì í ṣe ìfẹ́ tèmi, bí kò ṣe tìrẹ" ní ìfẹ́ tirẹ̀ lóòótọ́.

Kí a má sì rò pé ẹni tí kò lè dẹ́ṣẹ̀ kì í ṣe ènìyàn tó pé. Àwọn ẹni ìràpadà ní ọ̀run kò ní dẹ́ṣẹ̀ mọ́, wọn ò sì ní torí ẹ̀ di áńgẹ́lì.

Ní ìhà àríwá yìí, àwọn kan máa ń gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá aládùúgbò Mùsùlùmí bí ẹni gbé ìjà lọ. Òfìfo ni. Mùsùlùmí gbà pé Ànábì Ísá, orúkọ tí wọ́n ń pe Jésù, mọ́. Kùránì 19:19 pè é ní ọmọkùnrin mímọ́. Ohun tí ọ̀rẹ́ yín yóò bi yín ni pé, bí ó bá jẹ́ Ọlọ́run, báwo la ṣe dán an wò, nígbà tí Jákọ́bù 1:13 ní a kò lè fi búburú dán Ọlọ́run wò? Ẹ ka ẹsẹ 14. Ìfẹ́kùfẹ̀ẹ́ inú ẹni ni Jákọ́bù ní ó ń fa ènìyàn lọ. Ìyẹn ni kò sí nínú Jésù. Èṣù dẹ pàkúté lóòótọ́, ó fi ohun tó dára dẹ ẹ́: búrẹ́dì, ààbò, ìjọba. Kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀ tó máa dì mú.

Èyí tó kù kéré, ṣùgbọ́n mo máa ń gbọ́ ọ lórí pẹpẹ: pé ìdánwò Jésù parí sínú aginjù. Lúùkù 4:13 ní Èṣù fi í sílẹ̀ fún sáà kan ni. Nínú Mátíù 4, ọ̀rọ̀ Èṣù bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Bí ìwọ bá ṣe Ọmọ Ọlọ́run." Ẹ ṣí Mátíù 27:39-40, níbi tí àwọn tó ń kọjá lọ nídìí àgbélébùú ti ń mi orí, kí ẹ wo ohun tí wọ́n ń sọ fún un.