Eyín Àtọwọ́dá: Ẹ Gbé Omi Gbígbóná Jìnnà Sí I

Bí a ṣe ń fi eyín àtọwọ́dá sẹ́nu àti bí a ṣe ń yọ ọ́, wọ́n ti kọ́ yín níbi tí ẹ ti gbà á. A ò ní tún un sọ níbí. Ohun tó mú wa kọ ìwé yìí ni àwọn eyín tó ń padà sọ́dọ̀ wa kó tó pé oṣù mẹ́ta. Ẹni tó gbé e wá á ní ó ń mì lẹ́nu òun, ó ń gé òun ní èrìgì, àwọn tó ṣe é ni ò mọṣẹ́. A á béèrè pé, omi wo lẹ fi ń fọ̀ ọ́? "Omi gbígbóná ni, kó lè mọ́ dáadáa."

Ẹ má jẹ́ kí omi gbígbóná kan eyín àtọwọ́dá. Kì í ṣe omi híhó nìkan là ń wí. Omi inú fíláàsì tí ẹ fi ń po tíì, omi tí ẹ fẹ́ fi tẹ ẹ̀bà, omi ìwẹ̀ tí ọwọ́ yín ò tíì gbà, gbogbo rẹ̀ ló gbóná jù. Irú ike kan tí wọ́n ń pè ní àkírílíìkì ni èrìgì pupa tí eyín náà jókòó lé, ooru a sì máa wọ́ ọ. Tó bá ti wọ́, bó ṣe díẹ̀ tí ojú ò lè rí i, kò ní bá àjà ẹnu mu mọ́. Àwọn kan á tún kì í bọ omi gbígbóná lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní kó rọ̀ kí àwọn lè fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ padà sípò. Ẹ jọ̀wọ́!

Nínú ilé, ẹni tó ni eyín kọ́ ló sábà máa ń ṣe é. Ọmọ tàbí ìyàwó ilé tó ń bá ìyá àgbà fọ̀ ọ́ ni. Ó ti rí i pé wọ́n ń bọ ìgò oúnjẹ ọmọ nínú omi híhó, ó rò pé bákan náà ni. Torí náà, ẹ ka ojú ewé yìí sétí ẹni tó ń bu omi. Omi tútù ló dára jù. Bí ọyẹ́ bá mú tí ẹ fẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́wọ́, ẹ fi ìgúnpá kàn án bí ìgbà tí ẹ fẹ́ wẹ ọmọ tuntun. Tó bá ta yín, ẹ bu omi tútù kún un.

Fífọ̀ rẹ̀ ò le. Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ fi omi ṣàn án. Lálẹ́, ẹ bu omi dé ìdajì bàsíà kí ẹ sì fọ̀ ọ́ lórí rẹ̀, torí bó bá bọ́ lọ́wọ́ yín sórí símẹ́ńtì, ó fọ́ nìyẹn. Ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́, ẹ̀kán mẹ́ta péré, àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún un. Ìṣẹ́jú 2 tó. Ẹ pẹ́ jù lọ sí abẹ́ rẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ èrìgì. Ẹ má fi mákílíìnì fọ̀ ọ́, orúkọ yòówù kó wà lára páálí rẹ̀. Ó ń ha á, ìdọ̀tí á sì rí ibi sá pamọ́ sí. Eérú, iyanrìn àti èédú ńkọ́? A ti rí gbogbo rẹ̀.

Bílíìṣì tí ẹ fi ń fọ aṣọ funfun, ẹ má dá a lò fúnra yín. Bí oníṣègùn eyín bá ní kí ẹ lò ó, tó sì wọn bí ẹ ó ṣe là á fún yín, kò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Èyí tó bá ní ìkọ́ irin lára, rárá ni.

Ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó sùn. Èrìgì fẹ́ sinmi, ẹnu tí kì í sinmi a máa pọ́n, a sì máa dá egbò sí àjà. Ní Jàpáàn, ìwádìí kan tó jáde ní 2015 lórí àwọn arúgbó ẹni ọdún 85 sókè rí i pé òtútù àyà ń mú àwọn tó ń fi eyín àtọwọ́dá sùn tó ìlọ́po méjì àwọn tí ń yọ ọ́. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù di òwúrọ̀, ìdajì píọ̀ wọ́tà kan tó, kí omi ṣáà bò ó. Tó bá gbẹ, ó tún lè wọ́. Ife tó ní ìdérí ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe ife tí ẹlòmíì lè gbé lóru fi mumi. Láàárọ̀, ẹ fi aṣọ mímọ́ tútù nu èrìgì àti ahọ́n kí ẹ tó fi í sẹ́nu.

Bó bá ti wọ́ tàbí tó fọ́, ẹ má fi gúlúù lẹ̀ ẹ́, ẹ má sì fi jẹun mọ́. Ẹ ṣa gbogbo ẹ̀là rẹ̀, ẹ fi aṣọ tútù wé e, kí ẹ kó o wá. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń fọ̀ ọ́ nílé bá yín wá.