Bí A Ṣe Ń Gé Ẹ̀ka Máńgòrò Kí Ó Lè So Dáadáa

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí máńgòrò ti pọ̀, ẹ jẹ́ kí ìkórè parí kí ẹ tó fi ayùn kan igi, nítorí pé ẹ̀ka tuntun nílò òjò láti fi gbó kí ọyẹ́ tó dé. Orí ẹ̀ka tó bá gbó ni ìtànná ti ń yọ. Bí ẹ bá gé ṣóńṣó ẹ̀ka, àwọn ojú ìsàlẹ̀ tí ṣóńṣó náà kò jẹ́ kí wọ́n hù tẹ́lẹ̀ yóò rúwé, ewé rírọ̀ tó pọ́n bí epo kí ó tó dúdú. Ẹ ṣí àárín igi sílẹ̀ fún oòrùn, torí ẹ̀ka abẹ́ òjìji kì í fi bẹ́ẹ̀ so. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ẹ má bomi rin igi tó ti dàgbà títí yóò fi tanná. Omi àpọ̀jù a máa sọ ọ́ di eléwé lásán.